Nígbà Tí Èémí Bá Wọ́n

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ní àkókò tí ooru Ìlọrin máa ń mú débi pé ògiri yàrá pàápàá kì í tutù títí di ìdájí, iná ìjọba lọ, Ìyá wa sì jí lójú oorun, wọn kò rí èémí mí. Kí ó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, àwa mọ́kànlá ti kún inú yàrá kan tí kò gbà ju bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ àti ẹní ìkírun lọ. Ẹnì kan ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, ẹnì kan ń wọ́n omi sí wọn lójú, àbúrò mi obìnrin ń sunkún, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ń pariwo pé kí ẹnì kan sáré lọ wá ọkọ̀, ìyàwó ilé kan sì ń ṣe àdúà sókè débi pé àwọn ará ilé kejì ti ń kanlẹ̀kùn. Gbogbo wa ni a ń bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìyá, kí ló ń ṣe yín? Ṣé àyà ni? Ṣé kí a gbé yín sùn?" Wọ́n fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n odidi ọ̀rọ̀ kan kò lè jáde láàárín èémí kan àti èkejì. Mo ṣì rántí ojú wọn lálẹ́ ọjọ́ náà: ojú ẹni tí odò ń gbé lọ, tí àwọn tó dúró létí omi sì ń bi léèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Mo ń kọ èyí nítorí pé, láti ìgbà tí Ìyá ti fi wá sílẹ̀, ìdílé mẹ́rin ni ó ti wá mi kàn, ní àdúgbò wa àti ní Ọ̀fà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, nítorí ẹni wọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè mí dáadáa. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí nọ́ọ̀sì kan kọ́ wa láàárín oṣù mélòó kan, àti ohun tí mo kà lẹ́yìn náà nígbà tí mo fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ó yé mi nígbẹ̀yìn pé púpọ̀ nínú ohun tí àwa ẹbí ń ṣe láti fi ìfẹ́ hàn sí ẹni tí èémí wọ́n fún ni ó ń gba ìwọ̀nba èémí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Amọ̀kòkò ni Ìyá wa ní Òkèlele. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn obìnrin ni ìkòkò mímọ ní àdúgbò náà, àti pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún: wọ́n á to ìkòkò jọ, wọ́n á fi igi, èèpo igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á sì ṣáná sí i. Ìyá ṣe iṣẹ́ yìí ju ogójì ọdún lọ. Wọn kò mu sìgá rí, bàbá wa náà kò mu ún, nítorí náà nígbà tí dókítà dárúkọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí gbogbo ènìyàn sọ ni pé irọ́ ni. Òótọ́ ni pé sìgá ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àìsàn yìí lágbàáyé, àwọn olùwádìí sì ti ń fi èyí hàn láti ọdún 1950; ṣùgbọ́n àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ti ka èéfín igi ìdáná inú ilé mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kí ó máa fà á, ó sì ka èéfín ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù mọ́ ohun tó ń fà á dájúdájú ní ọdún 2012. Dókítà kò sọ pé èéfín ìkòkò ni ó pa Ìyá wa lára. Ó ní kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí èyí fún ènìyàn kan ṣoṣo, mo sì fara mọ́ ọn.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ni a fi tọ́jú ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò fi kòkòrò ikọ́ ife hàn rárá. Nígbà tí a fi mọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an, ó ti ràn dé awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, n kò ní sọ ohun mìíràn mọ́.

Lẹ́yìn òru oṣù Ẹrẹ́nà yẹn ni dókítà darí wa sí àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ìtura, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú kí ara tu ẹni tí àìsàn ń bá jà, yálà àìsàn náà yóò lọ tàbí kò ní lọ. Nọ́ọ̀sì kan wá láti ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ Òmù-Àrán ni, Ìgbómìnà ni ó sì fi ń bá Ìyá sọ̀rọ̀, èyí tó máa ń pa Ìyá lẹ́rìn-ín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín náà ń ná wọn ní èémí. Ó bá wa nínú irú rúkèrúdò tí mo ṣàpèjúwe lókè, nítorí pé Ìyá ti ń mí lókèlókè láti àárọ̀. Kò yọ oògùn kankan nínú àpò. Ó ní kí gbogbo wa jáde, ó dá èmi nìkan dúró, ó ṣí fèrèsé, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba, ó sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Mo wà níbí, n kò lọ síbì kankan. Ẹ má dá mi lóhùn." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ń mí jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń mí síta kí a lè gbọ́ ọ, títí tí ó fi jọ pé èémí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé tirẹ̀.

Ibi tí a gbé wọn sí ni ó kọ́kọ́ tún ṣe. Gbogbo ìgbà tí èémí bá ti dé sí wọn ni a máa ń fẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n "sinmi", a kò sì mọ̀ pé kò sí ibi tó burú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ìdùbúlẹ̀ gbalaja. Ó gbé Ìyá jókòó sórí àga, ó fa tábìlì kékeré kan wá síwájú wọn, ó to ìrọ̀rí méjì lé e, ó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n gbé apá méjèèjì lé ìrọ̀rí, kí wọ́n sì fi orí tì í bí ó bá wù wọ́n. Ó ṣàlàyé pé bí apá bá ti rí ibi sinmi lé, iṣan ọrùn àti ti èjìká yóò lè ran àyà lọ́wọ́, àti pé bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, iṣan ńlá tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró máa ń rí àyè ṣiṣẹ́. Bí ó bá ká wọn mọ́ orí ìrìn, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n fẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí apá wọn sọ̀. Tàbí kí wọ́n kọjú sí ògiri kí wọ́n gbé apá lé e. Ní ti oorun, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi sùn, kí a fi ìrọ̀rí gbé wọn ga láti ìbàdí dé orí, kí ọrùn má ṣe ṣẹ́.

Èémí sínú ni a ti ń pariwo lé wọn lórí láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ mí sínú! Ẹ fà á wọlé dáadáa!" Kò yé wa pé ẹni tí ẹ̀rù bà ti ń fa èémí wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, pé kí ó tó tú èyí tó wà ní àyà sílẹ̀ tán ni ó tún ti ń fa òmíràn lé e, bí ẹni tó ń bu omi sínú ìkòkò tó ti kún. Nọ́ọ̀sì bi Ìyá bí wọ́n ṣe máa ń mu kókó gbígbóná. Ìyá ṣu ètè jọ, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ síta láti fi hàn án. "Ìyẹn náà ni," ni ó wí. "Ẹ gba imú fà á bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, kí ẹ wá fẹ́ ẹ síta bí ẹni tí kò fẹ́ kí kókó ta sílẹ̀. Kí ti ìta pẹ́ ju ti inú lọ." Ó tún ní àwọn mìíràn máa ń fi ojú tẹ̀ lé etí fèrèsé, kí wọ́n mí sínú bí ojú bá ń kọjá lórí apá tó kúrú, kí wọ́n sì mí síta lórí apá tó gùn. Fèrèsé kò wu Ìyá. Tẹ̀súbà ni wọ́n mú, wọ́n ń fa ọmọ kan fún èémí ìta kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì sì ní èyí dára ju tòun lọ. Ìgbà tó bá yá kí wọ́n dìde lórí àga tàbí kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ìgbà tí ipá bá pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà gan-an ni kí wọ́n mí síta.

Ó ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi ṣe pàtàkì lọ́nà tó yé àbúrò mi tí kò kàwé púpọ̀. Bí èémí bá kúrú, ẹ̀rù á ba ènìyàn; bí ẹ̀rù bá bà á, á máa mí kíákíá ní òkè àyà nìkan; bí ó bá ń mí bẹ́ẹ̀, iṣan àyà á tètè rẹ̀, èémí á sì tún kúrú sí i. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìrìn, ẹsẹ̀ tí a kò lò á rọ, ẹsẹ̀ tó sì rọ á máa béèrè èémí púpọ̀ fún iṣẹ́ kékeré. Jẹjẹrẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ni ó ń dá a ṣe. A kò lè mú jẹjẹrẹ kúrò. Àwọn yòókù ni a lè fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ni ó dá ìjà sílẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì yìí tó dé, a ti ná owó tí n kò fẹ́ ṣírò lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ti yá sìlíńdà ńlá kan, ní gbogbo ìgbà tó bá sì tán, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ó fi ń gbé e la òpópónà Tàíwò kọjá lọ rọ òmíràn. Nọ́ọ̀sì há ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìka Ìyá nígbà tí wọ́n ń mí gúlegúle lọ́wọ́, ó sì pe ẹ̀gbọ́n mi kí ó wá wo nọ́ńbà tó hàn: 96 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ṣaláìní ọ́síjìn rárá. Ìmọ̀lára pé èémí kò tó yàtọ̀ sí kí ọ́síjìn má tó nínú ẹ̀jẹ̀, èkíní sì lè wà láìsí èkejì. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2010, tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ènìyàn 239 jọ tí àìsàn tó le ń mú kí èémí wọ́n fún ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò lọ sílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ́síjìn láti ojú imú, wọ́n fún àwọn yòókù ní atẹ́gùn lásán láti ojú imú bákan náà, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń gbà. Ara tu àwọn méjèèjì díẹ̀, ọ́síjìn kò sì ṣe ju atẹ́gùn lásán lọ. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lóòótọ́ nílò rẹ̀, dókítà ni yóò sì sọ èyí. Ìyá kò sí lára wọn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà lọ́jọ́ yẹn, ó rò pé nítorí owó ni wọ́n fi ń fi ọ́síjìn dù wọ́n. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dá sìlíńdà náà padà.

Abẹ̀bẹ̀ ni ó gba ipò rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè bẹ èémí pẹ̀lú. Bí atẹ́gùn tútù bá ń fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti ètè, àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀ máa ń ròyìn rẹ̀ fún ọpọlọ, ìmọ̀lára pé èémí kò tó á sì dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró kò yí padà. Ní ọdún 2010 yẹn kan náà, wọ́n dán èyí wò lára àádọ́ta ènìyàn ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi fáànù ọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí ojú wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni wọ́n fi fẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ wọn. Ti ojú ni ó mú kí èémí wọn rọlẹ̀. A ra fáànù kékeré tí a ń cháàjì, tí a lè dì mú lọ́wọ́, a sì so abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà tí iná rẹ̀ bá tán, nítorí pé ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ̀ pé yóò tán. Sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ó jìnnà sí ojú. Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé ọwọ́ Ìyá fúnra wọn ni ó wà. Wọn kò ní láti pe ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣòro jù fún wa kì í ṣe àga tàbí abẹ̀bẹ̀. Ìkíni ni. Nọ́ọ̀sì ní kí a ra ìwé kékeré kan, kí a máa kọ ìgbà tí èémí bá dé sí Ìyá àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a rí i pé òru ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń le jù. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán ni àwọn ènìyàn máa ń ya wá kí aláìsàn, ìyá àgbà kan ò sì ní wọlé kí ó ní "Ẹ kú ara líle o" lásán kí ó jókòó. Yóò béèrè ara, yóò béèrè oúnjẹ, yóò béèrè oorun, yóò béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wá bẹ̀rẹ̀ àdúà, àmín sì gbọ́dọ̀ máa dún. Ìyá wa jẹ́ ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ìkíni kí wọ́n má dáhùn. Wọ́n á dá ènìyàn ogún lóhùn láàárín aago méjì sí márùn-ún, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, nígbà tó bá sì di òru, wọ́n á san gbèsè rẹ̀.

Èmi ni wọ́n yàn sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ mi ni ẹni tó bá wá ti máa kí gbogbo ìkíni rẹ̀ tán, èmi á dáhùn gbogbo rẹ̀ ní orúkọ Ìyá, títí dé orí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni ó tó lè wọlé, ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe dí fèrèsé. Bí ó bá ní ìbéèrè, kí ó jẹ́ èyí tí orí mímì lè dáhùn. A bá Ìyá ṣe àdéhùn pé bí wọ́n bá gbé abẹ̀bẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, "mo gbọ́, ẹ ṣé" ni. Bí wọ́n bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, "ó tó, ẹ máa lọ". Ojú kọ́kọ́ ti wọ́n. Wọ́n ní ṣé àwọn wá di ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ dá àgbà lóhùn ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bínú sí mi gidigidi, wọ́n ní a ti àbúrò àwọn mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n. N kò bá wọn jiyàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sùn lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì le ju èmi lọ.

Láti yàrá Ìyá dé balùwẹ̀ ní agbo ilé wa, ó lé díẹ̀ ní ogójì ìṣísẹ̀. A to àga mẹ́ta sí ojú ọ̀nà náà: ọ̀kan ní ẹnu yàrá, ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan lẹ́nu balùwẹ̀. Òfin nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n jókòó kí èémí tó tán, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá tán, èyí sì nira fún ẹni tó ti ru amọ̀ lórí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sì gbà kí wọ́n má rìn rárá. Ó ní kí wọ́n máa rìn dé ibi àga kejì lójoojúmọ́, kí wọ́n má bẹ̀rù bí èémí bá sáré díẹ̀, níwọ̀n bí ó bá ti ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Orí àpótí ni wọ́n ti ń wẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, lẹ́yìn rẹ̀ a ó fi aṣọ ńlá wé wọn kí omi gbẹ fúnra rẹ̀ dípò kí wọ́n máa nu ara. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ tó rọ̀, nígbà púpọ̀ lójúmọ́, nítorí pé ikùn tó kún máa ń ti àyà lókè. Ọkà àti gbẹ̀gìrì kò kúrò nínú rẹ̀, ìwọ̀n ni ó dín kù.

Ìrun ni wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Gbogbo wa rí i pé bí wọ́n bá ti lọ sí sújúdù, ó máa ń pẹ́ kí èémí tó padà bọ̀ sípò, nítorí pé ìtẹríba náà ń ti ohun tó wà nínú ikùn lu ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má foríkanlẹ̀? Alfa àdúgbò wa ni ó bá wọn sọ ọ́. Ó rán wọn létí ọ̀rọ̀ Ànábì pé kí ènìyàn kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè dúró kí ó jókòó, bí kò bá lè jókòó kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ó kí i. Ìyá sunkún lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì, orí àga ni wọ́n ti ń kírun.

Èéfín ni kí n mẹ́nu kàn ní kíákíá. A kó túràrí kúrò nínú ilé, a pa kọ́ìlì ẹ̀fọn tì, a sì lo nẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín ata, ẹ̀yìnkùlé ni kí ó lọ. A bẹ aládùúgbò wa kí ó yí ẹnu jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ padà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, a ń fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò kí a gbá a.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kí ó wá rò pé abẹ̀bẹ̀ ni oògùn. Nínú oṣù Agẹmọ, èémí Ìyá burú láàárín ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà tí àga àti fáànù kò fi ràn án. Nọ́ọ̀sì fi ìka gbá àyà wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí ẹni tó ń dán ìkòkò wò bóyá ó sán, ó sì gbọ́ pé kò dún bó ṣe yẹ. Omi ni ó ti gbá jọ sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà. Wọ́n fà á jáde ní ilé ìwòsàn, Ìyá sì sùn dọ́jọ́ kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó yí àwọ̀ padà, jẹjẹrẹ tó dí ọ̀nà èémí, gbogbo wọn ni ó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Bí èémí bá ṣàdédé kúrú lójijì tí ìrora àyà sì bá a rìn, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí ojú àti ọrùn bá ń wú, bí ènìyàn bá ń wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, bí ètè bá yí sí àwọ̀ aró tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó wú lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ dídì tó lè ti ibẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Mọ́fíìnì olómi, ìyẹn oògùn apàrora tó lágbára, ni dókítà kọ fún wọn nígbà tó yá, ìwọ̀n tó kéré gan-an. Àbúrò mi fi igò náà pamọ́ fún ọjọ́ méjì nítorí ó ti gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kú ni wọ́n ń fún. Àwọn olùwádìí kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe ń ran èémí lọ́wọ́ tó. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó jẹ́ kí Ìyá sùn lóru, pé ó mú kí ìgbẹ́ gan wọn tí a fi ní láti máa fún wọn ní oògùn ìyàgbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, àti pé a kò fi ìkán kan kún ìwọ̀n tí dókítà sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, Ìyá bi nọ́ọ̀sì pé ṣé bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni àwọn yóò ṣe kú. Ó tó oṣù mẹ́rin tí ìbéèrè yìí ti wà nínú wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ kí wọ́n rí àyè bi í, nítorí pé bí wọ́n bá ti ní "bí mo bá kú" ni a máa ń ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ìyá, ẹ máa dákẹ́." Nọ́ọ̀sì kò ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni oorun máa ń kùn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi lọ, pé bí èémí bá dé sí wọn nígbà náà oògùn wà tí yóò mú kí wọ́n má mọ̀ ọ́n lára, àti pé wọn kò ní wà ní àwọn nìkan. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé kékeré wa fi hàn pé òru tí èémí ń dé dín kù, a kò sì yí oògùn kankan padà. Èyí kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á lẹ́yìn náà pé, nínú ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1999, tí ó kó ènìyàn 119 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti awọ tó bò ó jọ, àwọn tí nọ́ọ̀sì jókòó tì, tó kọ́ ní mímí àti ìsinmi, tó sì gbọ́ ẹ̀rù wọn, ni èémí wọn sàn jù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ìyá lọ ní òwúrọ̀ kan nígbà ọyẹ́, lójú oorun, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí láti Ọ̀fà ní nǹkan bí aago méjì òru. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ èémí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Mo bi í ní àwọn ìbéèrè nípa ìrora àyà, ẹsẹ̀ àti ètè. Ó ní kò sí ọ̀kankan, pé bí ó ṣe máa ń rí náà ni. Mo ní kí ó bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n jáde, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó gbé bàbá jókòó kí wọ́n tẹ̀ síwájú lórí ìrọ̀rí, kí ó mú ohunkóhun tó lè fẹ́ atẹ́gùn, kí ó jókòó ti wọ́n, kí ó má sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ni ó wà nítòsí, ó nípọn díẹ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tún pè, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú, ilé náà sì ti pa rọ́rọ́. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bàbá ń tòògbé lórí ìrọ̀rí, ó sì béèrè ibi tí a ti ra fáànù ọwọ́ yẹn.